Ìsàlẹ̀ Ìgò Ni Ti Ọmọdé

Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí léèrè ìdí tí n kì í fi í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán wọn ní sìgá tàbí ọtí, kódà bó jẹ́ àlejò pàtàkì ló jókòó sí pálọ̀ mi. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá. N ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan báyìí, n ò sì ní tún un sọ mọ́.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo fi ìlú wa sílẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Nílé, wọ́n ní mo lọ sí Èkó, ṣùgbọ́n Pápá Àjàó ní Múṣin ni mo dé sí, àwọn ọmọ Èkó gan-an sì máa ń rẹ́rìn-ín bí èèyàn bá pe ibẹ̀ ní Èkó. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ń sùn ní Múṣin, oko ló ń sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo jí ní kùtù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kí gbogbo ilé láti yàrá dé yàrá, bí a ti ń ṣe nílé. Mo kan ilẹ̀kùn, mo dọ̀bálẹ̀, mo kọjá sí èkejì. Nígbà tí mo dé ilẹ̀kùn kẹta, obìnrin kan yọjú síta pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ìyá Sàlá ni wọ́n ń pè é.

Ó ní, "Kí ló dé? Ta ló kú?"

Mo ní, "Ẹnikẹ́ni ò kú, Ìyá. Mo ní kí n kí yín káàárọ̀ ni."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ará òkè," ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ní ibi tí mo dé yìí, bí èèyàn bá wá kan ilẹ̀kùn rẹ láàárọ̀, òkú ló wá túfọ̀.

Bí mo bá la ẹnu, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ohùn Ìjẹ̀ṣà wà lẹ́nu mi bí iṣu gbígbóná, n ò lè gbé e mì, n ò sì lè tu ú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù a máa pè mí ní Òṣómàáló, wọ́n á béèrè onígbèsè tí mo wá lóṣòó dè. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń rẹ̀ mí ju pákó rírẹ́ lọ.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo wá kọ́, àga àti tábìlì àwọn olówó. Ọ̀gá mi ni Bàbá Ràfíù, ọmọ Múṣin pọ́nńbélé, tó ń kírun márààrún, tí ọtí ò sì kan ètè wọn rí. Èèyàn dáadáa ni. Àmọ́ wọ́n fẹ́ràn sìgá, wọ́n sì kórìíra kí wọ́n máa fi ìṣáná ṣòfò nígbà tí iná tí a fi ń yọ́ gọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á na sìgá sí ẹni tó kéré jù nínú wa, wọ́n á ní, "Lọ tàn án wá." Bí a ti ń tan sìgá níbi ẹ̀yinná ni pé kí o fi í sẹ́nu, kí o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o sì fà á títí yóò fi ràn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀meje lójúmọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní àdúgbò wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó rí i bí ohunkóhun. Mo tan sìgá fún ọdún mẹ́ta. Mo máa ń wúkọ́, mo máa ń tutọ́ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì dúpẹ́ nígbà tí ọmọ tó kéré sí mi dé.

Ọmọ náà ni Bóyè, àbúrò mi.

Ajíbóyè ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó jáde ìwé mẹ́fà, òun nìkan ló sì kàwé dé ibẹ̀ nínú gbogbo agboolé wa. Èmi ò kọjá kíláàsì kejì kí bàbá wa tó kú. Iṣẹ́ akọ̀wé ni a fẹ́ kí ó ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ̀wé kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ẹnìkan, nítorí náà mo ní kó wá máa bá mi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Ràfíù ná, kí á máa wá ojú rere àwọn àgbà ìlú wa tó wà ní Yábàá. Ọ̀rọ̀ tí ìyá wa, Yèyé, ní kó sọ fún mi kò pọ̀: "Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ọmọ méjì ni mo bí. Kó má fi ọ̀kan tán mi lọ́wọ́."

Bóyè ló ń bá mi kọ lẹ́tà sílé. Èmi á sọ, òun á kọ. Ọwọ́ rẹ̀ dára púpọ̀, lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó sì máa ń fi ìrù gígùn sí ìdí lẹ́tà tó bá gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ìlú wa ló ń ka ìwé náà fún Yèyé ní gbàgede, tí gbogbo agboolé á pé jọ gbọ́. Gbogbo ìgbà tí a bá sì ń kọ ọ́ ni mo máa ń sọ pé, "Bóyè wà ní àlàáfíà. Ó ń kọ́ṣẹ́ dáadáa. Ẹ má ṣe àníyàn."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá dé ibẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi kún un pé mo ti ń sanra?"

"Kọ ohun tí mo sọ, jàre."

Yèyé ò mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí tíṣà bá kà á tán, yóò gba ìwé náà, yóò wò ó pẹ́, yóò sì kó o sínú agolo bísíkíìtì rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìpàdé ọmọ ìlú wa, ní pálọ̀ Bàbá Alága ní Yábàá. Ẹni tí kò bá gbé ìdálẹ̀ rí kò lè mọ ohun tí ìpàdé yẹn jẹ́ fún mi. Ará òkè ni mí ní Múṣin. Nígbà tí mo lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì, ará Èkó ni wọ́n ń pè mí, wọ́n ní ohùn mi ti yí. Pálọ̀ yẹn nìkan ni mo ti máa ń la ẹnu láìsí pé ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Wákàtí mẹ́ta lóṣù, mo jẹ́ ọmọ ẹnìkan. Bí wọ́n bá lé mi kúrò níbẹ̀, n ò mọ ibi tí mo lè ní mo ti wá mọ́.

Ìpàdé náà ní òfin. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ìgò ọtí kan. Ẹni tó bá jà, ìgò kan. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì bá yọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí a ń jíròrò, ìgò kan. Ìgò jíìnì ni, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì máa ń ṣí i, tí Bàbá Alága á gbàdúrà sí i, tí ọ̀dọ́ kan á máa bù ú fún àwọn àgbà láti orí ìjókòó dé orí ìjókòó. Ohun tó bá kù nínú ìgò, ti ẹni tó bu ọtí ni. Kò gbọdọ̀ dà á nù, kò sì gbọdọ̀ gbé e lọ sílé. Ó gbọ́dọ̀ gbé e sẹ́nu níwájú wọn. Bàbá Alága á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìsàlẹ̀ ìgò ni ti ọmọdé," gbogbo ilé á sì pàtẹ́wọ́.

Ìgbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa bu ọtí, èmi ni mo dìde. Èmi ni mo dárúkọ Bóyè. Mo ronú pé bó bá ń kúnlẹ̀ síwájú wọn lóṣooṣù, wọn ó mọ ojú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á sì mú un wọ ọ́fíìsì. Ọgbọ́n ni mo rò pé mo gbọ́n. Kò sí ọmọ ìlú wa kan tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Mo tilẹ̀ ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún un.

Ìgò mélòó ló ń wọlé lọ́jọ́ ìpàdé kan? Nígbà mìíràn mẹ́ta, nígbà mìíràn márùn-ún. Kí ọdún tó yípo, Bóyè kì í wúkọ́ mọ́ bó bá tan sìgá Bàbá Ràfíù, ó sì máa ń pẹ́ níbi iná. Lẹ́yìn náà, mo rí i tó ń jẹ èèpo ọsàn kó tó wọlé, kí n má baà gbóòórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀, lọ́jọ́ tí kò sí ìpàdé. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n láàárọ̀.

Pọ́líìṣì ni iṣẹ́ tí wọ́n fi í sí ní ṣọ́ọ̀bù. Sípíríìtì tó ń rùn bí ọtí ni a ń rẹ ègé pọ́líìṣì pupa sí títí yóò fi yọ́, tí a ó wá máa fi òwú kùn ún sí ara àga. Agolo sípíríìtì wà ní igun ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń lọ sílẹ̀ ju bí àga ṣe ń jáde lọ.

Bàbá Ràfíù gbé agolo náà, wọ́n gbọ̀n ọ́n. "Àbí agolo yìí ń jò ni?"

Mo mọ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé mo mọ̀. Mo ní, "Ooru ni, Bàbá. Ooru ló ń fà á."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo ká Bóyè mọ́ ẹ̀yìn pákó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń tan sìgá, kọ́ọ̀bù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gún mi nímú kí n tó sún mọ́ ọn. Mo gbá kọ́ọ̀bù náà dànù, mo sì gbá a létí.

"Bóyè! Ohun tí a fi ń kun àga lò ń mu?"

"Díẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú. Ó ń dá ọwọ́ mi dúró ni. Bí n ò bá mu ún, n ò lè di òwú mú."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

Ó ń wo ilẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, láìsí àfojúdi kankan: "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ dárúkọ mi."

Mo jókòó tì í sórí eruku pákó. Ó bú sẹ́kún, èmi náà sunkún. Ó ṣèlérí fún mi pé òun ò ní mu ún mọ́. Ó mú un ṣẹ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Òótọ́ ni, ó gbìyànjú. Mo rí bó ṣe ń làágùn, tó ń gbọ̀n lórí ẹní bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí mo bá ní ọgbọ́n lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n kí ni n ó sọ fún Yèyé níwájú gbogbo agboolé?

Àkókò lẹ́tà tún dé. Ó mú kálàmù, mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí mo máa ń dé, ó gbé kálàmù sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó kọ ọ́. Bóyè wà ní àlàáfíà. Ó ń kọ́ṣẹ́ dáadáa. Ẹ má ṣe àníyàn. Àwọn lẹ́tà náà ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ìrù wọn ṣì gùn.

Ẹnìkan wà tó rí ohun tí mò ń bò mọ́lẹ̀. Àǹtí Fọlákẹ́ ni, ọmọ ìlú wa, tíṣà ní ilé-ìwé kékeré kan ní Yábàá. Kò ju èmi lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń pè é ní Àǹtí, nítorí kì í rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa á lẹ́rìn-ín. Ó pè wá jọ sí fàráńdà ilé-ìwé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, gbogbo àwa ọ̀dọ́ tó ń wá sí ìpàdé. A tó mẹ́wàá.

Ó ní, "Ẹni tó ń bu ọtí ṣáájú Bóyè, ẹ mọ ibi tó wà? Abẹ́ àtíbàbà ní Ọ̀yìngbò ló ń sùn. Ó ń bá wọn gbé ẹrù gba ògógóró. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú tiẹ̀ ńkọ́? Wọ́n gbé òkú ẹ̀ lọ sílé, wọ́n ní ibà ni. Àwọn bàbá wa ò rí i. Àwa la wà nídìí ìgò, àwa la rí i. Táwa ò bá sọ̀rọ̀, ta ló máa sọ ọ́?"

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí kò ṣòro. Ọ̀dọ́ kankan ò ní bu ọtí mọ́. A ó bẹ̀ wọ́n pé kí ìtánràn di síléètì àti ṣọ́ọ̀kì fún ilé-ìwé ìlú wa, kí ẹni tó bá pẹ́ dé ra síléètì dípò jíìnì. Àwa fúnra wa la ó sì máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ìlú wa bá ti ń kọ́ṣẹ́, kí a máa bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ̀rọ̀.

Àǹtí Fọlákẹ́ wá kọjú sí mi. "Mo lè sọ òwe tó pọ̀, wọn ó ní ìwé ló gùn mí lórí. Ìwọ ni kí o dìde sọ ti Bóyè. Wọn ò lè sọ pé irọ́ ni."

Bóyè wà níbẹ̀. Ó wò mí, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Èmi fúnra mi ò lè dá a dúró."

Mo ní n ó sọ ọ́.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Wọ́n ti ṣí ìgò méjì kí ọ̀rọ̀ tó kàn wá, Bóyè ló sì bù ú, nítorí a ní kí a kọ́kọ́ tọrọ àyè. Àǹtí Fọlákẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde, ó sọ ọ̀rọ̀ náà bó ti yẹ. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ó ní orí ọmọ ti ń wọ́ nínú pálọ̀ yìí, nídìí ìgò.

Bàbá Alága ṣí fìlà wọn, wọ́n tún dé e.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọtí yìí la fi dá ìpàdé sílẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ. Ta ni ọtí pa nínú wa? Dárúkọ ẹnìkan."

"Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ọ́ fún yín, sà," ó ní, ó sì yíjú sí mi.

Gbogbo ilé yíjú sí mi. Bóyè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo rà fún un, àwo ife wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ife náà sì ń kan ara wọn nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Mo dìde. Mo rí àwọn àgbà tó ń pè mí ní ọmọ. Lẹ́yìn wọn, mo rí Bàbá Awakọ̀, tí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ń lọ sílé ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ohunkóhun tí mo bá sọ nínú pálọ̀ yìí, ó máa dé gbàgede Yèyé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Gbogbo ìlú yóò gbọ́ pé mo fi ọmọ tán an lọ́wọ́.

Mo ní, "Èmi ò ní nǹkan kan láti sọ, sà."

Mo jókòó. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì ran gbogbo pálọ̀. Wọ́n ní kí Àǹtí Fọlákẹ́ san ìgò kan nítorí pé ó fi àkókò àgbà ṣòfò. Wọ́n ní kí á lọ rà á wá ní ojú ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó kù ò dìde. Bóyè ló gbé àwo ife sílẹ̀, tó lọ. Ó ra ìgò náà, ó ṣí i, ó bù ú fún gbogbo wọn, ó sì gbé ìsàlẹ̀ ìgò sẹ́nu. Kò wo ojú mi. Mo gbọ́ "Ìsàlẹ̀ ìgò ni ti ọmọdé," mo sì gbọ́ àtẹ́wọ́. N ò mọ̀ bóyá èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo ti gbìyànjú láti rántí, n ò rántí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, àga pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, agolo sípíríìtì tuntun sì dé. N ò ṣọ́ Bóyè mọ́. Ojú ń tì mí láti bá a wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, mo ti jí, mo ti wẹ̀, mo ti ń wọ bàtà. Oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó dúró sí orí ẹní Bóyè gan-an, ó sì mọ́lẹ̀ sí i lójú. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?"

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà.

Ó tún ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan àtùpà."

Mo gbé ọwọ́ mi lọ sí iwájú ojú rẹ̀. Mo sún un mọ́ ọn títí ìka mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò ṣẹ́jú.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì gbóòórùn ẹnu rẹ̀ kí a tó sọ ohunkóhun. Dókítà ní ohun tí a fi ń kun pákó ti jó iṣan ojú rẹ̀, pé ẹ̀mí rẹ̀ yóò dúró ṣùgbọ́n ojú kò ní padà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́, oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́, ó sì dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tí mo mú un padà wálé, Ìyá Sàlá tó pè mí ní ará òkè ló kọ́kọ́ wọlé wá. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná dání. Ó rí mi bí mo ṣe ń sunkún, ó fọwọ́ lù mí lẹ́yìn jẹ́jẹ́. "Ó tó, ọkọ mi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran..." Ó wo Bóyè, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Lẹ́tà tún tó kọ. Mo lọ bá Àǹtí Fọlákẹ́. Mo ní kó bá mi kọ ọ́. Mo sọ fún un ohun tí mo máa ń ní kí Bóyè kọ.

Ó gbé kálàmù lé tábìlì. "Títí di ìsinsìnyí?"

"Ẹ ṣàánú mi, Àǹtí. Oṣù kan péré. Kí n fi wá ọ̀nà tí n ó gbà sọ ọ́."

"N ó kọ ọ́. Àmọ́ irọ́ tìẹ ni o, kì í ṣe tèmi."

Ó kọ ọ́. Bóyè wà ní àlàáfíà. Ó ń kọ́ṣẹ́ dáadáa. Ẹ má ṣe àníyàn.

Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá, bí mo ti ń gbá ẹ̀yìnkùlé, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí gbogbo ilé láti yàrá dé yàrá. Kò sí ẹlòmíràn tó lè kí èèyàn bẹ́ẹ̀ ní Múṣin. Mo sáré jáde. Yèyé ni, pẹ̀lú ìdì aṣọ kékeré lórí àti ẹsẹ̀ tó kún fún eruku.

"Yèyé! Ẹ ò ránṣẹ́. Ṣé tíṣà ka ìwé fún yín?"

"N ò jẹ́ kó kà á," ó ní. "Ó fẹ́ kà á, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wò ó. Kì í ṣe ọwọ́ ọmọ mi. Bóyè dà?"

Bóyè ti gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá. Ó ń fi ọwọ́ wá ògiri bọ̀. Yèyé wò ó tó ń bọ̀, kò ké. Ó dúró jẹ́ẹ́ títí ọwọ́ ọmọ náà fi kàn án lójú, tó fi ìka wá ilà ojú rẹ̀ rí, tó sì ní, "Yèyé."

Lẹ́yìn tí Yèyé ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó bi mí léèrè kan ṣoṣo. "Àwọn ìwé tó ṣáájú, ta ló ní kó kọ 'àlàáfíà'?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó sì mú Bóyè padà wọ yàrá.

Ó dúró títí ìpàdé fi tún pé, ó ní òun fẹ́ rí àwọn tó bá òun tọ́ ọmọ. Ó di Bóyè lọ́wọ́ mú wọ pálọ̀, wọ́n jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ọ̀dọ́ kankan tó dìde láti bu ọtí. Bàbá Alága mú ìgò fúnra wọn, wọ́n sì yí ìdérí rẹ̀. Ìdérí náà dún. Bóyè gbọ́ ọ níbi tó jókòó, ó sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà bó ti mọ́ ọn lára, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú sínú afẹ́fẹ́, ó ń retí àwo ife.

Kò sí ẹni tó gbé e fún un. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà náà ni mo dìde, mo sì sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ, níṣojú Bàbá Awakọ̀ àti gbogbo wọn. Bàbá Alága gbé ìgò náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọn ò sì lè gbójú sókè. Láti ọjọ́ yẹn, síléètì ni ìtánràn. Àǹtí Fọlákẹ́ ló ń kó wọn jọ. Àwa ọ̀dọ́ ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní Pápá Àjàó lọ́jọ́ Sátidé, a ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ jókòó, àwọn mìíràn ń gbọ́, àwọn mìíràn ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Ràfíù ra ìṣáná. Wọ́n ń tan sìgá wọn fúnra wọn, bí wọ́n bá sì rí mi, wọ́n á yí ẹ̀yìn. Ẹni bá fẹ́ lè pe ìyẹn ní ìṣẹ́gun.

Yèyé mú Bóyè lọ sílé. Èmi dúró, nítorí n ò ní ojú tí n ó fi wọ gbàgede yẹn. Ará òkè ni mí ní Múṣin, nílé sì rèé, n ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí mọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni lẹ́tà kan dé láti ilé. Kì í ṣe ọwọ́ tíṣà ló kọ ọ́. Ìlà ìwé ń gun ara wọn, ọ̀rọ̀ kan gorí èkejì, òmíràn já bọ́ sí etí ìwé. Ṣùgbọ́n ìrù lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gùn. Èmi tí n ò mọ̀wé, n ò wá ẹni tí yóò bá mi kà á. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Mo wà ní àlàáfíà, Ẹ̀gbọ́n. Mo ń kọ́ṣẹ́ dáadáa. Ẹ má ṣe àníyàn.